Ọmọ Wa Ń Lọ Kọ́ Ọmọ Ọlọ́mọ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Ọla níbí ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, ìyá kan nínú ìjọ mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá wa. Ọmọ náà ti ka ìwé nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì, ó ti ṣe agùnbánirọ̀ parí, ó sì ti tó ọdún méjì tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ìwé aládàáni kan ní agbègbè wa. Ó mú ìwé ìrìnnà tuntun jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ní kí a gbàdúrà sí i. Bí wọ́n bá ti ń wọlé ẹ̀kọ́ ní oṣù kẹsàn-án, Àbíjàn ni òun yóò wà, òun yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Inú wa dùn. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Ṣùgbọ́n nítorí pé iṣẹ́ ìjọba ni a fi ń jẹun, tí a sì ti pẹ́ láàárín fáìlì, ohun tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, "Ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ dà?" Ọmọ wo ìyá rẹ̀, ìyá wo ọmọ. Kò sí ìwé kankan. Ẹnì kan ni ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. A béèrè orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọn kò mọ̀ ọ́n. A béèrè iye owó oṣù, wọ́n ní ẹni náà sọ pé ó dára. Ó kàn ní kí wọ́n wá owó ọkọ̀, àti pé bí ọmọ náà bá ti dé, kí ó kó ìwé ìrìnnà rẹ̀ fún òun kí òun lè bá a ṣe ìwé ìgbéèlú. Ìyá ti fẹ́ gba àjọ rẹ̀ ṣáájú àsìkò.

A gbàdúrà. Lẹ́yìn náà a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì sanwó ọkọ̀. Ohun tí a rí nínú ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ náà ni a fẹ́ bá yín sọ.

ÀJÒ KÌ Í ṢE TUNTUN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń sọ̀rọ̀ àjò láìdáa. Ta ni yóò jẹ́ ọmọ agbègbè Èjìgbò tí yóò máa bú àjò? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá ni àwọn bàbá wa ti ń gba Dàhòmì, Tógò àti Gold Coast kọjá lọ sí Ivory Coast. Àwọn Faransé fi Àbíjàn ṣe olú-ìlú ní 1934, bí ìlú náà sì ti ń gbòòrò ni àwọn ènìyàn wa ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Anango ni àwọn onílùú ń pè wá níbẹ̀. Ní Treichville, ohùn Èjìgbò kì í ṣe ohùn àjèjì. Ọkọ̀ ń gbéra ní Èjìgbò lọ tààrà sí Àbíjàn, yóò gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé àti Àkrá kọjá. Ẹ dé ọjà Èjìgbò, ẹ óò bá ìyá àgbà tí kò jókòó ní kíláàsì rí, tí ó ń fi Faransé ná ọjà bí ẹni ń fọ Yorùbá. Ilé tí owó Àbíjàn kọ́ ní agbègbè yìí kò lóǹkà. Owó náà ni a fi rán ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilé-ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan. Òwò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá àti ìyá wa bá lọ. Oníṣòwò ni ọ̀gá ara rẹ̀. Bí ọjà kò bá tà ní Treichville, yóò ru ú lọ sí Adjamé. Bí ẹni tí ó gbà á sílé kò bá ṣe dáadáa, yóò gba yàrá tirẹ̀. Olùkọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ ni ó mọ iye tí yóò gbà, ọjọ́ tí yóò gbà á, iye wákàtí tí yóò fi dúró lórí ẹsẹ̀, àti nígbà mìíràn ibi tí yóò sùn. Nítorí náà, ọgbọ́n tí a fi ń rán oníṣòwò lọ kò tó láti fi rán olùkọ́ lọ. Ọgbọ́n ti àtijọ́ yẹn nìkan ni ìyá ọmọ yìí mọ̀, a kò sì lè dá a lẹ́bi. Òun ni gbogbo wa mọ̀.

IṢẸ́ WÀ, EWU SÌ WÀ

Irọ́ kọ́ ni pé iṣẹ́ wà. Ní Ivory Coast, dandan ni kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà, tí ó kó lọ sí Tunis ní 2003 nítorí ogun tí ó sì padà sí Àbíjàn ní 2014, èdè méjèèjì ni ó fi ń ṣiṣẹ́, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí wọ́n ti ń fọ Faransé náà ń yíjú sí Gẹ̀ẹ́sì. Rwanda sọ ọ́ di èdè ìkọ́ni ní 2008, ó sì wọ ẹgbẹ́ Commonwealth ní 2009. Tógò àti Gabon wọ ẹgbẹ́ yìí kan náà ní 2022. Àjọ UNESCO sọ ní 2024 pé kí ó tó di 2030, ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà yóò nílò mílíọ̀nù 15 olùkọ́ sí i. Ọmọ wa kò lálàá asán.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀kùn kò ṣí sílẹ̀ fún wa bákan náà. South Korea ní irú físà kan fún àwọn tí ń bọ̀ wá kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè díẹ̀ ni ó ń fún, Nàìjíríà kò sì sí lára wọn. Ẹni tí ó bá ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀dọ́ wa pé òun yóò fi físà yẹn ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹ mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Ìlú Ọba ṣí ọ̀nà ní oṣù kejì 2023 fún àwọn olùkọ́ Nàìjíríà tí wọ́n ní ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ láti wá gba àṣẹ ìkọ́ni ní England, pàápàá àwọn tí ń kọ́ni ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè ilẹ̀ òkèèrè. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti kékeré ni ó ṣì ní láti sanwó jókòó ṣe ìdánwò kí wọ́n tó gbà pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ewu tí ó tóbi jù ni ti ẹ̀tàn. NAPTIP, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2003 láti gbógun ti àwọn tí ń fi ènìyàn ṣòwò, kéde ní oṣù kìíní 2019 pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ó tó 20,000 wà ní ìgbèkùn ní Mali. Ìlérí iṣẹ́ ni wọ́n fi tan ọ̀pọ̀ wọn. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé iṣẹ́ aṣẹ́wó ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe. Fóònù ni wọ́n fi bá àwọn náà sọ̀rọ̀, wọ́n ní owó rẹ̀ dára, wọ́n sì gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ wọn. A kò sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń pe ìyá yìí. Ohun tí a ń sọ ni pé, bí olóòótọ́ bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹlẹ́tàn, báwo ni ìyá tálákà yóò ṣe mọ̀ wọ́n yàtọ̀?

Àìsí ìwé kò sì jẹ́ ohun kékeré nígbà tí ìlú bá dàrú. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbéèlú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ti lo ìdajì ayé wọn níbẹ̀ fi ilé, ọjà àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Ní Ivory Coast fúnra rẹ̀, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2002, rògbòdìyàn ìdìbò ti òpin 2010 sí 2011 sì gba ẹ̀mí nǹkan bí 3,000 ènìyàn. Àwọn ará ilé wa tí wọ́n sá wálé nígbà náà ṣì wà láàárín wa. Ẹ bi wọ́n léèrè, wọn yóò sọ ohun tí ìwé túmọ̀ sí.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ fi etí sí èyí.

Èkínní, ẹ gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ kí ẹ tó wọkọ̀. Kí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ àti àdírẹ́sì rẹ̀ wà níbẹ̀, iye wákàtí iṣẹ́, iye owó oṣù ní owó séfà, ọjọ́ tí wọn yóò san án, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní àkókò ìsinmi, ẹni tí yóò san owó ilé, àti bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe lè pínyà bí iṣẹ́ kò bá wọ̀. Bí ó bá jẹ́ Faransé ni wọ́n kọ ọ́, ẹ wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Ní agbègbè tiwa, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò wọ́n.

Èkejì, ìwé ìrìnnà kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ọ ṣe ìwé ìgbéèlú, kí ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì. Ẹ ya ẹ̀dà rẹ̀, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyá nílé.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ òfin. Ìwé àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní 1979 fún wa láyè láti wọ ilẹ̀ ara wa láìgba físà fún 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n 90 ọjọ́ kì í ṣe títí ayé. Ẹni tí ó fẹ́ gbé níbẹ̀ kí ó sì ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe ìwé tí ó bá òfin ìlú náà mu. Ẹ má gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹ sì forúkọ sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà tí ó wà ní Àbíjàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa kì í mọ ọ̀nà ibẹ̀ àfi ìgbà tí wàhálà bá dé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ lọ bí olùkọ́. Ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ẹni tí ó lè kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọ̀kan náà. Àjọ TRCN, tí òfin 1993 gbé kalẹ̀, ni ó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà; ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ yẹ kí ó wà nínú báàgì. Ẹ kọ́ Faransé tí a lè fi kọ̀wé, yàtọ̀ sí ti inú ọjà. Abúlé Èdè Faransé ti wà ní Àgbádárìgì láti 1991 nítorí rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé ìjọba wa ní ètò kan tí ń jẹ́ Technical Aid Corps láti 1987, tí ó ń rán àwọn olùkọ́, dókítà àti nọ́ọ̀sì wa lọ fún ọdún méjì sí àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá béèrè wọn. Ẹni tí ó bá bá ibẹ̀ lọ ní ẹni tí yóò béèrè rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí ènìyàn méjì ó kéré tán, tí wọn kò jọ wá láti ilé kan náà, mọ ibi tí ọmọ náà ń gbé àti ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ọla ni ó ní ènìyàn ní Àbíjàn. Kí ni a ń fi wọ́n ṣe bí a kò bá lè rán wọn lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ kan fún wa?

AṢỌ ỌRÙN TIWA

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yí padà mọ́ wa lọ́wọ́ nìyí. Nígbà tí a ń ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọmọ náà, ó gbọ́, ó dúpẹ́, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó yẹ kí ilé-ìwé tí mo wà báyìí náà ti fún mi ní ìwé ni?"

A dákẹ́. Láti ọdún méjì tí ó ti ń ṣiṣẹ́ níbí, kò sí ẹni tí ó fún un ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Náírà 25,000 ni wọ́n ń san fún un lóṣù, wọn kì í sì í san nǹkan kan ní àkókò ìsinmi gígùn. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì rẹ̀ lé ní 40. Ní oṣù keje 2024 ni òfin sọ owó oṣù tí ó kéré jù ní Nàìjíríà di náírà 70,000. Lóòótọ́, òfin yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí a na ìka sí ilé-ìwé ẹlòmíràn nìkan. Ìjọ tí àwa fúnra wa ń bójú tó ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kékeré kan. A padà sílé lọ́jọ́ náà, a ṣí fáìlì. Olùkọ́ mẹ́ta ni a ní, kò sí ìwé ìgbanisíṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Nígbà kan tí owó ilé-ìwé kò wọlé dáadáa, àwa náà ni a dúró níwájú wọn tí a ní kí wọ́n fara dà á, pé iṣẹ́ Olúwa ni. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi fara dà á. Àpọ́sítélì Jákọ́bù kọ̀wé nípa owó alágbàṣe tí a fi dù ú, ó ní owó náà ń ké. A ti wàásù lórí rẹ̀ nígbà púpọ̀. A kò mọ̀ pé láti inú fáìlì wa ni ó ti ń ké.

Ìjọba náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti 2015 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2018, àwọn òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wọ́n wà ní ìpele 8 sókè kò gba owó oṣù wọn pé. Ẹlòmíràn gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹlòmíràn gba ààbọ̀. Olùkọ́ wà lára wọn. Ọmọ tí ó wà ní girama nígbà náà, tí ó ń wo olùkọ́ rẹ̀ tí ó ń yáwó wọkọ̀ wá síṣẹ́, ni ó ti gboyè jáde báyìí. Kí ni a rò pé ó kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun mìíràn. Nígbà tí ìjọba Bọ́lá Ìgè sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ní oṣù kẹwàá 1979, tí Èjìgbò ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ọmọ ya wọ ilé-ìwé, olùkọ́ kò sì tó. Àwọn ará Ghana wà lára àwọn tí wọ́n wá dí àlàfo náà. Ẹ bi àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ka girama nígbà náà, ọ̀pọ̀ wọn yóò dárúkọ olùkọ́ ará Ghana tí ó kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí ìṣirò. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n wá kọ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọ wa ti ń lọ ṣe yìí. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Òfin náà yọ àwọn tí ìjọba gbà síṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn ta ni yóò balẹ̀ ní ilé tí wọ́n ti ń lé àbúrò rẹ̀ jáde? Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù wọn, àwa ni a sọ ọ́ ní orúkọ ẹ̀sín tí ó ń jẹ́ títí di òní. A ti ṣe àlejò rí. A sì ti lé àlejò rí.

Àwọn bàbá wa ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Ohun tí à ń béèrè fún ọmọ wa lọ́wọ́ ará Àbíjàn, ǹjẹ́ a ti fún ọmọ ọlọ́mọ ní Ọla? Ọmọ Kútọnu tí ó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé wa, ta ni ó mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́? Olùkọ́ tí ó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, ọjọ́ wo ni à ń san owó rẹ̀?

OHUN TÍ A PINNU

A ti fún àwọn olùkọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìwé báyìí. Iye owó wọn àti ọjọ́ tí a óò máa san án wà nínú rẹ̀, ti àkókò ìsinmi náà sì wà níbẹ̀. Owó náà kò tíì tó bí ó ti yẹ, a kò sì ní purọ́ fún yín pé ó tó. Ṣùgbọ́n ó wà ní àkọsílẹ̀, wọ́n sì lè fi bi wá. Gbèsè oṣù mẹ́ta ìjọsí, a ti san ti oṣù kan nínú rẹ̀. A ń rọ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-ìwé, ìjọ tàbí aládàáni, kí ẹ ṣí fáìlì tiyín.

Ní ti ọmọbìnrin náà, nígbà tí ó tún pe ẹni orí fóònù yẹn tí ó sì béèrè orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹni náà bínú, ó ní ṣé kò fọkàn tán òun ni. Láti ìgbà náà kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Ìyá sunkún. Ṣùgbọ́n ọmọ ìlú wa kan tí ó ti pẹ́ ní Treichville bá wọn wádìí, ó rí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni mìíràn, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀, ó sì fi ìwé wọn ránṣẹ́. Ojú ìwé méjì ni. Iye owó wà níbẹ̀, iye wákàtí wà níbẹ̀. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa owó àkókò ìsinmi. Ọmọ náà ti kọ̀wé padà láti béèrè, ó sì ń dúró de èsì. Kò tíì sanwó ọkọ̀.

Bí èsì bá dára, a óò sìn ín dé ibùdókọ̀ ní Èjìgbò pẹ̀lú àdúrà àti ayọ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ tí wọ́n lé ní 40 yóò jókòó ní kíláàsì tí ó fi sílẹ̀, wọn yóò máa wo ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí yóò wọlé bá wọn, kí ni a óò san fún un?

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ó lè dáhùn.

Olóòtú